Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: “Wọ́n Ní Kásùà Kì í Gba Lẹ́tà”

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù ni àwọn lẹ́tà tí a mú lóṣù yìí dá lé. A ti yọ orúkọ ẹni tó kọ wọ́n àti ti ilé iṣẹ́ wọn kúrò. Níbi tí a bá ti wí pé “òfin iṣẹ́”, Labour Act tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 1974 là ń sọ. Òun ló ṣì wà nílẹ̀ títí di òní. Ohun tó kéré jù lọ tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín bá fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti inú ìwé yín ni kí ẹ dì mú.

Mo ti lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Mò ń ṣe tọ̀sán, mò ń ṣe tòru. Wọn ò fún mi ní lẹ́tà kankan. Bí mo bá béèrè, súpáfáísọ̀ wa á ní kásùà ni mí, pé kásùà kì í gba lẹ́tà. Ṣé òótọ́ ni? — Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ike, Ṣàgámù

Kì í ṣe òótọ́. Abala 7 òfin iṣẹ́ pàṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá láti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fún un ní ìwé. Kò ní kí wọ́n yọ ẹni tí wọ́n ń pè ní kásùà sílẹ̀. Tiyín ti pẹ́ ju ọdún méjì lọ.

Ìwé náà kò ní láti gùn, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ ṣàìsí nínú rẹ̀: orúkọ agbanisíṣẹ́, orúkọ àti àdírẹ́sì yín, ibi tí wọ́n ti gbà yín àti ọjọ́ tí wọ́n gbà yín, irú iṣẹ́ tí ẹ ó máa ṣe, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò parí bó bá ní gbèdéke, iye nótíìsì tí ẹnì kìíní gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì, iye owó, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti ohun tí wọn yóò ṣe bí àìsàn tàbí ọgbẹ́ bá dé. Bí wọ́n bá yí èyíkéyìí padà lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún yín kí oṣù kan tó kọjá.

Nínú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Òun la fi ń mọ iye nótíìsì tó tọ́ sí yín. Òun la fi ń mọ̀ bóyá ìsinmi ọdún yín ti pé. Òun náà ló ń sọ bóyá aboyún yóò gbowó nígbà tó bá lọ bímọ. Ilé iṣẹ́ tí kò kọ ọjọ́ yìí sílẹ̀ lè sọ níwájú adájọ́ pé oṣù tó kọjá lẹ dé.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè, ẹ kó ẹ̀rí jọ. Ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ owó yín ní báǹkì láti oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó fún yín. Ẹ ya fọ́tò káàdì tí ẹ fi ń wọ géètì, àti ti ìwé àtòjọ iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tí orúkọ yín wà níbẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí súpáfáísọ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp rẹ́. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí email ara yín, nítorí fóònù lè sọnù, ó sì lè bọ́ sómi.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kékeré kan sí ilé iṣẹ́ náà, kí ẹnì kan bá yín kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ bá fẹ́. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ: “Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, ọdún báyìí. N kò tíì gba ìwé tí abala 7 òfin iṣẹ́ ní kí ẹ fún mi. Mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín.” Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ tàbí ìbuwọ́lù sí tiyín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí wọn kò bá dáhùn, lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀rí pé ẹ béèrè, àti pé ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ìjà kankan kò tíì sí.

Ilé epo ni mo ti ń ta epo. ₦75,000 ni owó oṣù mi. Lóṣù tó kọjá wọ́n ní owó wọlé ní ṣọ́ọ́tì, àwa mẹ́rin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì pín in san. Wọ́n yọ ₦38,000 nínú tèmi. Wọ́n tún yọ ₦2,000 nítorí pé mo pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì. — Ataepo, Ìbàdàn

Abala 5 ni kí ẹ mú dání. Ó ka yíyọ owó nítorí ìtanràn léèwọ̀, ó sì tún ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn tó lè fàyè gba irú rẹ̀. Nítorí náà, ₦2,000 pípẹ́ yẹn kò tọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí ẹ wọṣẹ́. Bí ẹ bá ń pẹ́ dé lóòótọ́, wọ́n lè kọ ìwé ìkìlọ̀ fún yín. Owó oṣù yín kọ́ ni wọ́n á fọwọ́ kàn.

Ti ṣọ́ọ́tì ní ọ̀nà tí òfin gbà pé kí wọ́n gbà yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà há. Àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù náà, tàbí kó jẹ́ àìkíyèsára rẹ̀ ló fà á. Èkejì, ọ̀físà Ministry of Labour gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦75,000 jẹ́ ₦25,000. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, tí ọ̀físà sì ti fọwọ́ sí i, ₦38,000 ti kọjá ààlà. Pípín in sí ẹni mẹ́rin tún burú sí i, torí pé ẹni tí kò fa nǹkan kan wà nínú àwọn tó sanwó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dojú rú ni ìgbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín. Bí ẹni tó ṣe òwúrọ̀ bá kàn gbé páǹpù fún yín láìkọ nọ́ńbà mítà, ṣọ́ọ́tì tirẹ̀ ti di tiyín nìyẹn. Ẹ máa kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú páǹpù náà pẹ̀lú aago. Ìdí mìíràn sì wà: páǹpù tí kò bá pé mọ́ lè máa tú epo jáde ju ohun tí ojú rẹ̀ ń kà lọ. Bí ṣọ́ọ́tì bá ń wá láti orí páǹpù kan ṣoṣo ṣáá, ta yòówù kó wà nídìí rẹ̀, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rọ tó ń gé páálí já mi ní ìka ọwọ́ òsì lọ́jọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ọ̀gá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ó sanwó ibẹ̀, ó fún mi ní ₦50,000, ó sì ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣé ó ti parí? — Òṣìṣẹ́, Ọ̀tà

Kò tíì parí. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí Ọlọ́run wo ọwọ́ náà sàn. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ tètè ka ìdáhùn yìí, nítorí ọjọ́ ń lọ.

Employees' Compensation Act ti 2010, ìyẹn òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, ló ni ọ̀rọ̀ yín. Lábẹ́ òfin yìí, gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò kan tó wà lọ́wọ́ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án; kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Láti inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ń san owó gbà-má-bínú fún un. Ẹ kò sì ní láti fi hàn pé ọ̀gá ló ṣe àìdáa. Kó ti jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ó ti tó.

Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé òṣìṣẹ́ kò lè bá agbanisíṣẹ́ ṣàdéhùn pé òun yọ̀ǹda owó gbà-má-bínú òun. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Gbèdéke mẹ́ta ló wà. Ọjọ́ 14 lẹ ní láti fi sọ fún ilé iṣẹ́ pé ẹ fara pa. Ọjọ́ 7 ni ilé iṣẹ́ ní láti fi ròyìn rẹ̀ fún NSITF. Ọdún kan lẹ ní láti fi kọ̀wé béèrè owó. Ọjọ́ 5 ló kù fún yín nínú ti àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ kọ lẹ́tà yìí. Òótọ́ ni pé ọ̀gá mọ̀, òun ló gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì lè gba èyí rò bí gbèdéke bá kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ yín, ọjọ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ wo, kí ló fà á, apá ibo ni ọgbẹ́ wà. Ẹ fún mánéjà tàbí súpáfáísọ̀, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

Ẹ tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn àti ìwé tí dókítà kọ. Kí ẹni tó bá lè wọ inú ilé iṣẹ́ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà, pàápàá bí irin tó yẹ kó bo abẹ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ́fíìsì NSITF tó súnmọ́ yín lọ. Bí ilé iṣẹ́ bá sọ pé àwọn kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ rí, ẹ lọ bákan náà. Iṣẹ́ NSITF ni láti bá wọn fà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un fún àwọn ẹlòmíràn tó ń kà á: òfin yìí kan jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láti ilé dé ibi iṣẹ́ àti nígbà tó ń padà bọ̀ wálé. Ẹni tí ọ̀kadà gbá ṣubú bó ti ń lọ síbi iṣẹ́ lè béèrè. Bí òṣìṣẹ́ bá sì kú, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa san fún wọn lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń gba àpò ìrẹsì kan àti owó ìsìnkú, tí wọ́n á sì lọ sílé, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wọn.

Mò ń gbàlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Oyún mi ti di oṣù méje. Mánéjà ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, pé bí mo bá bímọ tán kí n padà wá wò ó bóyá àyè ṣì wà. Ọdún kan àtààbọ̀ rèé tí mo ti wà níbẹ̀. — Òṣogbo

Ẹ má kọ ìwé náà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìdáhùn wa nìyẹn. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ lọ, wọn ò lé yín. Gbogbo ẹ̀tọ́ tí a fẹ́ kà yìí sì lè bá ìwé náà lọ.

Abala 54 òfin iṣẹ́ sọ pé obìnrin tó bá mú ìwé dókítà wá pé ó ṣeé ṣe kí òun bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ẹ̀tọ́ láti fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi. Lẹ́yìn tó bá bímọ, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ 12 nìyẹn. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà láìdáwọ́ dúró, owó tí wọn yóò san fún un ní àkókò yìí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Ẹ̀yin ti lo oṣù 18. Bí owó oṣù yín bá jẹ́ ₦80,000, ₦40,000 lóṣù ló kéré jù. Nígbà tí ẹ bá padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òfin fún yín láti fi tọ́mú fún ọmọ láàárín wákàtí iṣẹ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ fún yín ní nótíìsì ìyọniníṣẹ́ nígbà tí ẹ bá wà nínú ìsinmi yìí.

Oyún oṣù méje kò tíì wọ inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ bí ara yín bá gbé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń retí ọmọ, kí ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, kí ẹ sì gba ìwé náà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lè sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó kíkún ni tòun. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìlànà òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 12 àti ìdajì owó ti òfin iṣẹ́ kéré lójú wa, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin yí i padà. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbà á tán.

Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ni mo fi wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ pé kí n má wá mọ́ ní Mọ́ńdè. Wọn ò sọ ìdí. — Awakọ̀, Ìkẹjà

Nótíìsì tó tọ́ sí yín ni ọ̀sẹ̀ méjì. Bí òfin ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba nótíìsì ọjọ́ kan. Ẹni tó ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan. Tí nótíìsì bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín bá sọ oṣù kan, oṣù kan lẹ ó gbà.

Wọ́n lè san owó dípò nótíìsì. Owó oṣù gan-an ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, láìka owó àṣekún iṣẹ́ àti àwọn àjẹmọ́nú mìíràn. Bí owó oṣù yín gan-an bá jẹ́ ₦84,000, ọjọ́ 14 nínú 30 jẹ́ ₦39,200. Ẹ fi owó ọjọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lóṣù náà kún un, àti ti ìsinmi ọdún tí ẹ kò tíì lò.

Bí wọ́n bá wá ń sọ pé olè lẹ jà, kí wọ́n lè yẹ nótíìsì sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ ẹ̀sùn náà fún yín kí ẹ sì ti rí àyè wí tẹnu yín. Ẹ má sọ̀rọ̀ ìbínú kankan padà sórí WhatsApp yẹn. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù kó hàn kedere, pẹ̀lú nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago, kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ dání nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n, tí ọ̀rọ̀ owó sì di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá mọ́ wọn lọ́wọ́.

A jẹ́ mẹ́sàn-án tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù kan. ₦45,000 ni wọ́n ń san fún wa. Ṣé kì í ṣe ₦70,000 ni òfin wí? — Àkúrẹ́

₦70,000 ni, láti ìgbà tí Ààrẹ ti fọwọ́ sí i ní oṣù keje ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yìí yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó tún yọ àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kíkún, àwọn tí wọ́n ń fún ní kọmíṣọ̀n tàbí tí wọ́n ń sanwó iye tí wọ́n bá ṣe fún, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìgbà bí iṣẹ́ oko. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́sàn-án lóòótọ́, a kò lè tàn yín pé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni kan náà ló ni ẹ̀ka mìíràn, kí ẹ ka gbogbo yín pọ̀. Bí ìjọba Èkó bá sì ń san ₦85,000, tí ti Ọ̀yọ́ ń san ₦80,000, òṣìṣẹ́ ìjọba wọn ni wọ́n ń san án fún.

Wọ́n ń yọ ₦8,000 nínú owó mi lóṣooṣù fún owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn tó ń tọ́jú owó náà ní kọ́bọ̀ kò wọlé láti oṣù 14. — Abẹ́òkúta

Owó yín ni wọ́n ń lò. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé ní ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ yóò san ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ yóò sì san ìdá 10. Owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń pa pọ̀ ṣírò rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦100,000, tiyín ₦8,000, tiwọn ₦10,000, ₦18,000 ló yẹ kó wọlé. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n sanwó oṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Fún oṣù 14, ₦252,000 ni, láìtíì ka owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi wà lọ́rùn wọn.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ àpò ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù tó fi ₦8,000 tí wọ́n yọ hàn, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Ó dára kí ẹ̀yin mélòó kan jọ kọ ọ́ pọ̀, kí ilé iṣẹ́ má bàa dájú sọ ẹnì kan.

Aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́, ọjọ́ méje lọ́sẹ̀, ni mo fi ń ṣọ́ géètì. Wọ́n ní àwọn á fún mi lówó dípò ìsinmi ọdún. — Adó-Èkìtì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin iṣẹ́ ló fi wákàtí mẹ́jọ lélẹ̀. Òun kọ́. Ohun tí ẹ̀yin àtọ̀gá bá jọ fẹnu kò sí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá wọn ṣàdéhùn, ni wákàtí yín. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni àṣekún iṣẹ́. Ẹ tún rí ìdí tí ìwé fi ṣe kókó: bí wákàtí kò bá sí nínú ìwé, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ èyí tó lé.

Ohun tí òfin fi lélẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń ṣe tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Nínú ọjọ́ méje, wákàtí 24 gbáko gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n san án bí àṣekún iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù 12, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó kíkún ni ìsinmi ọdún tó kéré jù. Sísan owó dípò rẹ̀ fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lòdì sófin. Bí àìsàn bá sì dé, tí dókítà kọ̀wé sí i, wọn yóò san owó tó tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún.

Mánéjà ni mí ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Lọ́yà kan ní òfin iṣẹ́ kò kàn mí. Níbo wá ni èmi àti irú mi ń gbé ẹjọ́ lọ? — Lẹkí, Èkó

Òótọ́ ni lọ́yà yín sọ. Abala 91 fi hàn pé oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni “òṣìṣẹ́” tí òfin náà ń pè bẹ́ẹ̀. Ó yọ àwọn tó ń ṣàkóso àti àwọn amọṣẹ́dunjú sílẹ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín àti ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ lòfin tiyín. Ẹ kà á láti òkè délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òfin owó ìfẹ̀yìntì àti ti gbà-má-bínú kàn yín bó ṣe kan gádì ẹnu géètì.

Ilé ẹjọ́ kan náà ló wà fún gbogbo yín: National Industrial Court, tí àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti 2010 gbé gbogbo ẹjọ́ iṣẹ́ fún. Ó ní ẹ̀ka ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn parí ìjà láìdé iwájú adájọ́.

Fún òṣìṣẹ́ tí kò lówó lọ́yà, ọ́fíìsì Ministry of Labour ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀físà wọn ní agbára láti wọ ilé iṣẹ́, ì báà jẹ́ òru, kó sì yẹ ìwé wò. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń làjà, àti Office of the Public Defender, ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ìjọba tó ń gbèjà ará ìlú, kì í gbowó. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún ènìyàn ní lọ́yà, wà fún àwọn tí owó wọn kéré. A sọ èyí nítorí pé ìtanràn tí òfin iṣẹ́ fi lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ agbanisíṣẹ́ kò ju ₦800 lọ nígbà àkọ́kọ́, ₦1,500 nígbà kejì, nítorí náà wọn kì í bẹ̀rù rẹ̀. Owó tí wọ́n jẹ yín gan-an ni kí ẹ lé.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé kan dání tí ẹ ti kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó oṣù, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, iye tí ẹ ń béèrè àti bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹ so ẹ̀dà ẹ̀rí mọ́ ọn, kí ẹ fi ojúlówó sílé, kí ẹ sì gba orúkọ ọ̀físà tó gbà á àti òǹtẹ̀ ọjọ́ náà kí ẹ tó dìde níwájú tábìlì rẹ̀.